Epo Àpọ́nlé Alhaji Làtífù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin kan ṣe tóbi tó ní Adjamé, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀, nítorí yóò máa sọ ọ́ fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àga tó ń tẹ̀lé e ni kí ẹ kà. Alhaji Làtífù, alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta ẹja dídì ní Àbíjàn, ní àga mẹ́ta. Ọ̀kan ń bẹ ní ọ́fíìsì, ọ̀kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù ẹgbẹ́, ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n fi àrán pupa bò, a máa bá a lọ sí ìpàdé nínú takisí. Àga a jókòó lẹ́yìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, Alhaji a ká orúnkún mọ́ àyà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹni tí àga rẹ̀ ń gbádùn jù ú lọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Àbíjàn. Yàrá méjì ló ń gbé ní Williamsville, ṣùgbọ́n gbólóhùn "ilé mi ní Cocody", àdúgbò àwọn olówó, kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ilé Cocody náà kò tíì ní ògiri. Kò tíì ní ilẹ̀ pàápàá. Ní ọdún 2008 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ sọ òun di président à vie, alága títí ọjọ́ ikú, ní ìpàdé ńlá oṣù Kejìlá. Ipò alága ọlọ́dún méjì-méjì ti sú u. Ó ní ó dà bí kí ènìyàn máa háyà ilé gbé.

Gafarou ni akọ̀wé rẹ̀. Treichville, ní Àbíjàn níbẹ̀, ni wọ́n bí Gafarou sí. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ìpọ́nni rẹ̀ ń sáré.

"Président," ló máa ń wí, "quand vous parlez, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, òtútù fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n."

Alhaji a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, a sì dúró kó tún un sọ.

Yàrá òtútù tí ọ̀gbẹ́ni yìí ń ṣe alága lé lórí wà lẹ́yìn ọjà Adjamé. Ọgọ́ta obìnrin ló ń kó páálí ẹja wọn sínú rẹ̀, chinchard tí gbogbo Àbíjàn ń pè ní àpólò. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù jẹ́ France au revoir, bí wọ́n ti ń pe ohun tí òyìnbó lò tó sì dágbére fún. Ilé ìtura kan ní Biétry ni wọ́n ti tú u wá. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó lágbára, kò sì ní ìgbéraga kankan. Adéfọlákẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òtútù ní Ìbàdàn kó tó wá sí Àbíjàn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa fi etí sí ara ẹ̀rọ kó tó fi ọwọ́ kàn án.

Ní oṣù Kẹta, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri inú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Adéfọlákẹ́ tẹ́tí sí i, ó ní epo rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó gbé páǹpù ọlọ́wọ́ kékeré jáde láti fún un ní epo ẹ̀rọ díẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni Alhaji bá a, òun àti ayàwòrán kan tó ti ń tẹ̀lé e kiri láti àárọ̀, tí kò tíì rí ohun tó yẹ ní yíyà.

"Gbé e fún mi," ni Alhaji wí. "Ohun tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ọwọ́ alága ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn án."

Ó tẹ páǹpù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, tẹmọ́mítà ẹnu ọ̀nà tó ti ń ṣe moins quinze, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sísàlẹ̀ òdo, látọjọ́ mẹ́ta ti lọ sí moins dix-huit, méjìdínlógún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ta ẹja, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀: bí nọ́ńbà ẹ̀yìn moins bá ṣe ń pọ̀ ni òtútù ń le. Ẹja gan pa bí òkúta, inú àwọn obìnrin dùn.

Adéfọlákẹ́ ṣàlàyé. "Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló rí epo tó ń wá, bàbá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa bá gáàsì rìn lọ sínú àyà ẹ̀rọ, ìyẹn a jẹ́ kí gáàsì yọ ìhó dáadáa, òtútù a sì le sí i. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni o. Bó bá ti kọjá díẹ̀, ó di ọ̀tá rẹ̀."

Alhaji gbọ́ "epo". Ó gbọ́ "òtútù". Ìyókù bọ́ sílẹ̀ láàárín ẹnu ọmọ náà àti etí rẹ̀. Gafarou kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé Président fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òtútù sì dé. Ó kà á sókè ní ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá le kì í bá ènìyàn jiyàn.

Bí epo àpọ́nlé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alhaji pàṣẹ pé ẹni iyì tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, wọn kò ní fi obì nìkan yẹ́ ẹ sí mọ́, wọn yóò jẹ́ kó tẹ epo sínú ẹ̀rọ. Ẹ sì mọ̀ wá, àwa tí a ń wo ipò ènìyàn kí a tó bu omi fún un mu. Tẹ́ẹ̀kan-tẹ́ẹ̀kan kò lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Akápò gba ìtẹ̀ mẹ́ta, igbákejì alága gba márùn-ún, aṣojú lèmọ́mù gba méje, Alhaji fúnra rẹ̀ gba mọ́kànlá.

Ì bá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji Aboudou, olórí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ní Treichville, wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n sì na páǹpù sí i pé kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje. Ọkùnrin náà wo páǹpù, ó wo àwọn tó nà án sí i.

"Ọ̀yọ́ ni ẹ fún ní méje?" ló bi wọ́n.

Wọ́n tọrọ àforíjì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjìlá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kà á sókè. Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀? Kó tó dé ìdí takisí rẹ̀ ni Alhaji Làtífù ti tẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá dé láti Mẹ́kà, ó tẹ epo. Ẹni tó bá bímọ, ó tẹ epo. Ọkùnrin kan ra alùpùpù, ó gbé ìgò epo méjì wá, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, alùpùpù náà dúró tì í nínú àwòrán. Nígbà tí Adéfọlákẹ́ gbé páǹpù náà pamọ́, Alhaji ra tuntun, ó ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ góòlù.

Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, òtútù ti wálẹ̀ sí moins quatorze, mẹ́rìnlá. Alhaji ní epo kò tó. Wọ́n fi kún un. Ní oṣù Kẹjọ ó di moins onze, mọ́kànlá. Alhaji ní àwọn kan kò fi tinútinú tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún fi kún un, pẹ̀lú àdúrà. Ní oṣù Kẹwàá, moins huit, mẹ́jọ péré. Ìgbà náà ni Adéfọlákẹ́ wọ ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde láti sọ ohun tó bá wá.

"Bàbá, epo ti pọ̀ jù nínú àyà ẹ̀rọ. Ọ̀pá bàbà ló kún ibẹ̀. Wọn kò dán bí ọ̀pá lásán o, wọ́n fín ara wọn wínníwínní, ihò tín-ín-tín-ín ló wà lára wọn. Inú àwọn ihò yẹn ni gáàsì olómi ti ń hó. Bó ti ń hó ló ń gba ooru kúrò lára ẹja."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń hó, bàbá."

"Bí omi tíì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú òtútù lòun ti ń hó."

Alhaji wo Gafarou. Gafarou wo òrùlé.

"Fọlákẹ́," ni Alhaji wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "ṣé o ń sọ fún mi pé nínú ẹ̀rọ òtútù tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣí, nǹkan kan ń hó bí ọbẹ̀?"

"Bí kò bá hó, kò sí òtútù, bàbá. Bí gáàsì bá hó tán, a lọ, ṣùgbọ́n epo kì í bá a lọ. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí, ó ń dí àwọn ihò yẹn, bí ọ̀rá ṣe máa ń dì mọ́ ìdí ìkòkò. Ká ní ọ̀pá dídán lásán ni, kì bá pa á lára tó báyìí. Ìfín tí wọ́n fín in kó lè ṣiṣẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun gan-an ni epo rí dì mú. Ẹ jẹ́ kí n pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n fa epo yẹn jáde."

Alhaji dìde. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pàtàkì, kì í jókòó, kí àga lè ráyè gbọ́.

"Ta ni epo ṣe ní ibi rí?" ló bi ògiri. "Ilẹ̀kùn tó ń han, epo ni. Awọ tó gbẹ, epo ni. Ọ̀nà ọ̀fun tí iṣu há sí, epo ni. Epo gba baba mi là, epo gba baba baba mi là. Kí ni ẹ̀rọ òyìnbó kan fi sàn ju ọ̀nà ọ̀fun baba mi lọ? Oṣù méjì sí ìpàdé tí Àbíjàn máa fi mọ̀ mí, o ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n sì fa àpọ́nlé àwọn ènìyàn jáde sínú báàfù?"

"Historique," ni Gafarou wí, pé ọ̀rọ̀ tí ìtàn kò ní gbàgbé nìyẹn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá pe yàrá òtútù ní ohun tó gbóná, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí tó ń mú ẹja rọ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ láti wákàtí náà, ì báà jẹ́ ta ni. Gafarou ló fi "ì báà jẹ́ ta ni" kún un nítorí pé sans exception, láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀, dùn létí. Wọ́n fún tẹmọ́mítà ní congé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n pe akunlé kan kó fi ọ̀dà búlúù kọ MOINS VINGT, ogún sísàlẹ̀ òdo, sí ògiri níbi tí tẹmọ́mítà wà tẹ́lẹ̀. Èyí kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Alága wo ni kò ní fẹ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Adéfọlákẹ́ ka òfin náà lára ilẹ̀kùn, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó gbóná, bàbá," ló wí fún Alhaji, ó sì lọ di irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìpàdé wáyé ni Ràmílátù wá. Ó wà lára àwọn tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ó sì ní ogójì páálí nínú yàrá náà, tí ó fẹ́ tà fún ọdún Kérésì àti ọdún tuntun. Yàtọ̀ sí wọn, kò ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí Làtífù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àbíjàn ní 1977, tí kò mọ ẹnì kankan, abẹ́ àtíbàbà obìnrin yìí ló gbé ẹja rẹ̀ sí fún ọdún méjì. Obìnrin náà kò fi ìyẹn ṣe ìròyìn rí. Alhaji náà kò sì fi ṣe ìròyìn.

"Alhaji, mo fi ìka tẹ ẹja mi láàárọ̀ yìí," ló wí, kò pè é ní rírọ̀ nítorí ó bẹ̀rù òfin. "Ìka mi wọlé."

"Ẹja tó bá gba ìka rẹ láyè, ẹja onírẹ̀lẹ̀ ni."

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní àyè níbi ẹ̀rọ òtútù wọn ní Biétry. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ síbẹ̀."

"Kí yàrá mi ṣófo lójú àlejò? Lẹ́yìn ìpàdé, Ràmílátù. Lẹ́yìn ìpàdé o lè kó wọn lọ sí Mẹ́kà."

"Gbogbo ohun tí mo ní ló wà nínú yàrá yẹn, Alhaji."

"Èmi náà," ni Alhaji wí. "Gbogbo ohun tí mo ní ló wà níbẹ̀."

Ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Lóòótọ́, nǹkan kan gún un lọ́kàn bó ti ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà tó ń lọ. Ó ké sí Gafarou pé kó wá yìn ín díẹ̀, nǹkan náà sì lọ lára rẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n ta àtíbàbà sí àgbàlá iwájú yàrá òtútù, ọgọ́ta obìnrin jókòó, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ jókòó lápá ọ̀tọ̀, Alhaji Aboudou níwájú wọn. Àlejò pàtàkì ni Madame Micheline, obìnrin tó ń ṣojú àwọn tó ń kó ẹja wọlé láti èbúté, tó wá wò ó bóyá yàrá náà yẹ ní bíbá dòwò pọ̀. Alhaji wọ agbádá mẹ́ta léra wọn. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan géérégé. Ẹ̀yin kò ní gbàdúrà kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀.

"Ní ìlú tí oòrùn ti ń dín ènìyàn bí dòdò alloco," ló wí, "àwọn kan kọ́lé, àwọn kan bímọ. Èmi, òtútù ni mo bí. Àwọn ọ̀tá ní yàrá mi kò tutù. N óò wọ inú rẹ̀ lójú yín, n óò sì lo wákàtí kan níbẹ̀. Bí mo bá jáde tí mo ti di yìnyín, ẹ má sunkún, ẹ gbé mi sínú oòrùn, n óò yọ́, n óò sì máa bá ìṣàkóso lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ dìbò."

Ó gbé kóòtù onírun kan wọ̀ lórí agbádá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kóòtù tí ó rà ní ìsọ̀ yougou-yougou níbi tí wọ́n ti ń ta alòkù aṣọ òkèèrè. Ó ṣí àgádágodo, ó wọlé. Gafarou ti ilẹ̀kùn nínípọn náà mọ́ ọn. Ohun kan wà tí Alhaji gbàgbé: ọwọ́ ilẹ̀kùn ti apá inú ti ré láti oṣù Karùn-ún. Adéfọlákẹ́ béèrè tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n fi epo dá a lóhùn.

Fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, Alhaji dúró pẹ̀lú ọlá ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹja nìkan ló ń wò ó. Lẹ́yìn náà, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí i lójú. Ó bọ́ kóòtù. Ó bọ́ agbádá àkọ́kọ́, ó bọ́ èkejì, ó bọ́ ẹ̀kẹta. Omi ń kán tó, tó, tó láti òkè. Òórùn kan wà nínú yàrá náà tí kò fẹ́ dárúkọ, nítorí ó ti ta ẹja fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ó jókòó lórí páálí kan kó lè ronú. Páálí náà ya lábẹ́ rẹ̀, ó rì sínú ẹja títí dé ìbàdí.

Nígbà tó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ìka rẹ̀ wọ inú ẹja kan. Ó wo ara páálí náà lábẹ́ gílóòbù. RAMILATOU ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wo èkejì rẹ̀, RAMILATOU. Omi pupa ń ṣàn lábẹ́ wọn lọ sí ibi bàtà rẹ̀. Ọkùnrin náà rántí oòrùn 1977, àwo ẹja lórí rẹ̀, àti ohùn obìnrin kan tó ní, "Gbé e sí abẹ́ ibí yìí, oòrùn á ba ẹja ẹ jẹ́." Ojú tì í, ó sì mọ̀ pé ojú ń ti òun.

Ẹ má tíì yìn ín o. Ó rò ó pé ó ku ìgbà díẹ̀ kí wákàtí pé. Wọn yóò dìbò, yóò di président à vie, kó tó wá ní kí wọ́n pe Fọlákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó dúró síbẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú, ó ka mẹ́wàá. Àwọn páálí òkè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja sì rọ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó wo bí wọ́n ti rọ̀ jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a.

Ní ìta, gbogbo ènìyàn na ọrùn sí ilẹ̀kùn. Gafarou bọ́ síwájú.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló wí. "Òtútù ti wọ̀ ọ́ lára. Président ń gbá ilẹ̀kùn kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rìn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji gbọ́ àtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ṣáà mọ ẹni tí a ń sọ, kó tó tún gbá ilẹ̀kùn. Ó pariwo pé ooru ń pa òun. Ilẹ̀kùn náà nípọn, hùn-hùn-hùn ló ń jáde.

"Qu'est-ce qu'il dit?" ni Madame Micheline béèrè, pé kí ló ń sọ.

"Ó ní ó kí yín káàbọ̀," ni Gafarou dáhùn ní Faransé.

Alhaji ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun, ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n. Gafarou ní àdúrà ló ń gbà fún ẹgbẹ́. Ọgọ́ta obìnrin ṣe àmín. Ó pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ṣe àmín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà wà láàárín ẹja tó ń bàjẹ́ àti àwọn tó ń yìn ín, kò sì rí ọ̀nà gbà jáde.

Ràmílátù dìde láti ẹ̀yìn. Ó rìn láàárín àga, kò yára, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ilẹ̀kùn. Gafarou dí i lọ́nà.

"Tanti, ó ku vingt minutes, ogún ìṣẹ́jú péré."

"Mo ti mọ ohùn rẹ̀ kí ìyá rẹ tó bí ọ," ni Ràmílátù wí. "Ohùn ẹni tó wà nínú wàhálà nìyẹn. Kúrò níbẹ̀."

Ó fa ilẹ̀kùn. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, àwọn tó jókòó níwájú sì dìde láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ bọlá fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni Alhaji jáde, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó wá láti odò, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn ní irùngbọ̀n.

"Ṣé òtútù mú yín, Alhaji?" ni Ràmílátù bi í.

"Président ní kí n sọ fún yín pé…" Gafarou bẹ̀rẹ̀.

"Gafarou, pa ẹnu rẹ dé." Alhaji wo obìnrin náà. Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣe tán, àwọn kan ìbá sì gbà á gbọ́. "Ó gbóná," ló wí. "Ó gbóná gan-an. Ẹja ń bàjẹ́. Ẹ bá mi pe Fọlákẹ́."

Ní àárín àwọn obìnrin, ẹnì kan sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé alága ti pè é ní ohun tó gbóná. Òmíràn ní kí wọ́n ka òfin. Gbogbo ojú yí sí Gafarou. Ọmọkùnrin náà wo Alhaji, ó wo ọgọ́ta obìnrin, ó sì mọ ibi tó pọ̀ jù.

"Le vieux père, gbê est mieux que drap," ló wí ní èdè àwọn ọmọ ìgboro, pé òótọ́ sàn ju ìtìjú lọ. Ó ṣí ìwé, ó kà á pẹ̀lú ohùn dídùn tó fi ń ka ti ìyìn: ẹnikẹ́ni tó bá pe yàrá òtútù ní ohun tó gbóná, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́, láti wákàtí náà, ì báà jẹ́ ta ni. Madame Micheline, tó fi áńkáṣíìfù bo imú, béèrè pé ta wá ni président báyìí. Wọ́n ti rọ́ lọ sídìí ẹja.

Adéfọlákẹ́ kò jìnnà. Ràmílátù ti ránṣẹ́ sí i láti àná pé kó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dání, kó dúró sí ìsọ̀ òdìkejì. Ó pa ẹ̀rọ, ó tú ìdí àyà rẹ̀, epo bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Báàfù kan kún, wọ́n gbé òmíràn. Wọ́n gbé korobá, wọ́n gbé ọpọ́n. Epo akápò, epo Ọ̀yọ́, epo Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti alùpùpù, gbogbo wọn dà pọ̀, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tí ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Alhaji Aboudou wò ó títí, ó ní òun ní ìpàdé mìíràn.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà kí àwọn ọ̀pá yẹn tó mọ́," ni Adéfọlákẹ́ wí fún Ràmílátù. "Ẹja ò lè dúró de ọjọ́ mẹ́ta, màmá."

Wọn kò dúró. Wọ́n gbé àgbá tí wọ́n là sí méjì wá, wọ́n tẹ́ wáyà lé e lórí, wọ́n dáná. Ẹja tó rọ̀ tí kò tíì bàjẹ́, yíyan ló kù fún un. Wọ́n ṣa èyí tó ṣeé yàn, wọ́n da ìyókù nù. Nínú ogójì páálí Ràmílátù, mọ́kànlá ti kọjá ohun tí iná lè ṣe. Obìnrin náà dúró ti mọ́kànlá yẹn fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí, kó tó yí padà sídìí àgbá.

Alhaji Làtífù ṣì wà níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọn kò lé e, wọn kò sì ní kó jókòó. Ó rìn lọ, ó bọ̀, ó bi obìnrin kan pé kí ni kí òun ṣe, ìyẹn kò gbọ́. Nígbẹ̀yìn, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràmílátù. Obìnrin náà kò wò ó. Ó na abẹ̀bẹ̀ sí i. Alhaji gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná, èéfín wọ̀ ọ́ lójú, ó ń wúkọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Ẹ má bínú, màmá," ló wí.

"Mo bínú, Làtífù," ni Ràmílátù dáhùn. "Yí èyí tó wà lẹ́yìn yẹn kó má jóná."